Ohùn Tí Ó Gbọ́dọ̀ Sùn Nínú Àpò Ọdẹ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣù, ní Ìkọ̀tún)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọdẹ. Iṣẹ́ náà gbòòrò ju ohun tí ẹnu kan lè sọ tán ní alẹ́ kan lọ, nítorí náà ẹyọ kan péré ni mo mú nínú rẹ̀: bí ọdẹ ṣe ń gbé ohun èlò rẹ̀ rìn tí kò fi ní dún, pàápàá jù lọ ohun èlò tí a dìídì ṣe kí ó lè máa dún.

Ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ọdẹ ni Ògúnfúnminíre, ẹni tí ó tẹ̀ lé àwo tí ń léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì, ní Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀: Ògún ni ó fún un ní ire.

Ẹ wo ọdẹ nígbà tí ó bá ń lọ sí igbó. Ìbọn wà léjìká rẹ̀, àdá wà níbàdí, àpò wà lọ́rùn. Nínú àpò ni ẹ̀tù, ọta, ọ̀bẹ, iná àti oúnjẹ wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè tú àṣírí rẹ̀. Bí ọta bá ń kan ara wọn nínú agolo, tí ọ̀bẹ sì ń lu àdá, ẹtu yóò ti gbọ́ kí ọdẹ tó rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a fi òwú di àlàfo inú agolo ọta, kí a fi àkísà wé irin tí ó lè kan irin, kí ohun tí a ó kọ́kọ́ lò sì wà lókè, kí a má baà máa tú àpò kiri nínú igbó. Kí ọdẹ tó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó fo sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohun kan bá dún lára rẹ̀, ilé ni kí ó ti tún un dì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó le ju ìwọ̀nyí lọ, èyíinì ni ohùn tí ọdẹ fi ń pe ẹran. Nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìwọ̀ oòrùn títí dé àárín, àwọn ọdẹ mọ bí a ṣe ń fi ìka di imú, tí a ó sì ké bí ẹtu tí ewu bá. Ẹtu tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa bọ̀ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, yóò sì bá ọdẹ pàdé. Ẹ kíyè sí i pé inú ọ̀fun ni irú ohùn yìí ń gbé. Kì í rọ̀ sí ìbàdí, kì í fi ara kan igi. Bí ọdẹ kò bá fẹ́, kò lè dún.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni tòlótòló ìgbẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà ìrúwé, akọ a máa wá abo kiri, ọdẹ a sì fara pamọ́ sí ìdí igi, a máa ké bí abo kí akọ lè tọ̀ ọ́ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo àpótí kékeré kan tí a fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn. Ìṣó kan ni ó so ọmọrí mọ́ ọn ní ìpẹ̀kun kan, ọmọrí náà sì ní ìdìmú ní ìpẹ̀kun kejì. A ó fi ẹfun tí kò ní òróró kun abẹ́ ọmọrí. Bí a bá fà á gba etí àpótí kọjá, a ó gbọ́ igbe abo tòlótòló gan-an. Ní ọdún 1897 ni Henry C. Gibson, ará Arkansas, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùn àpótí yìí náà ni àléébù rẹ̀. Bí ọdẹ bá fo kùkùté kọjá, ọmọrí a yẹ̀, àpótí a sì ké ìdajì igbe tí kò jọ ti ẹyẹ kankan. Tòlótòló tí etí rẹ̀ mú yóò sá. Nítorí náà wọn a fi rọ́bà de ọmọrí mọ́ àpótí gírígírí, wọn a tẹ́ aṣọ sí àárín méjèèjì, wọn a sì kì í bọ inú àpò tí ó fún mọ́ ọn, tí kò jẹ́ kí ó mì, tí òjò kò sì lè wọ̀, nítorí pákó tí ó tutù kì í ké dáadáa. Ó di ìgbà tí ọdẹ bá jókòó tán kí ó tó tú u.

Ẹ má rò pé nítorí kí ẹran má baà sá nìkan ni. Ẹni tí ó ń ké bí ẹran ti sọ ara rẹ̀ di ẹran létí ọdẹ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti yìnbọn lu ọdẹ tí ń pe tòlótòló, nítorí ẹlòmíràn ṣe bí tòlótòló ni. Nílẹ̀ tiwa náà, ọ̀ràn ọdẹ tí ó pa ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ṣe bí ẹran ni, kì í ṣe àjèjì. Ọdẹ tí ó fi ẹ̀yìn ti igi ńlá, tí ó mọ ìgbà tí òun ké, lè máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí àpò rẹ̀ ń ké láìmọ̀ ń pe ìbọn wá bá ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àpò ọdẹ náà ní ẹnu.

Lónìí, ilé ti gba ibi tí igbó wà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó ju 1,200,000 lọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú ọdẹ tí ó kù láàárín wa, ilé àti ọjà ni wọ́n ń ṣọ́ lóru. Síbẹ̀ ìmọ̀ náà kò tíì di aláìwúlò, nítorí ẹni tí ń ṣọ́ àdúgbò, tí kọ́kọ́rọ́ sì ń dún níbàdí rẹ̀, ti kìlọ̀ fún olè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orin ọdẹ ti rí ẹni kọ ọ́ sílẹ̀: ní ọdún 1966 ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde. Ìdákẹ́jẹ́ ọdẹ ni kò ní orin. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ, ó bá a lọ. Nítorí náà mo bẹ̀ yín: bí baba ọdẹ bá wà nílé yín, ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti ń di àpò, ohun tí wọ́n fi ń wé irin, àti bí wọ́n ti ń pe ẹtu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa yìí.