Àṣejù Kì í Ṣe Ẹ̀sìn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ẹni tí ó dá ènìyàn tí ó sì fi ìmọ̀ kẹ́ ẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. 

Ẹ wo àwùjọ tí Ọlọ́hun fi wá sí. Láti Ọ̀jọ́ àti Ìbà dé Okokomaiko àti Ìjánikin, a rí Àwórì, a rí Ẹ̀gùn. Ìgbò ń tajà ní Àlàbá, Hausa sì wà ní Àlàbá Ràgó. Orí ìjókòó kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń bá tiwa jókòó ní ilé-ìwé. Èyí kò ṣe àjèjì sí Ìslám. Nígbà tí Ànábì ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ó bá àwọn Júù ìlú náà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jọ dáàbò bo ìlú, kí oníkálukú sì dúró ti ẹ̀sìn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi hàn yín. Èkíní ni ti Maiduguri. Ní nǹkan bí ọdún 2002, Mohammed Yusuf kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó ń kọ́ wọn pé èèwọ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìjà bẹ́ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé-ìwé Chibok. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nínú ìkọlù tí a kà sí wọn lọ́rùn, àwọn tí ó lé ní 100 kú ní Mọ́ṣáláṣí Ńlá Kano, níbi tí wọ́n ti wá kírun Jímọ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Èkejì ni ti híjáàbù nílùú Èkó. Nígbà tí wọ́n fi òfin dè é fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé ìjọba, a kò ju òkò, a kò sun ilé. Ilé-ẹjọ́ ni a gbà lọ. A pàdánù ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá wa láre ní oṣù Keje ọdún 2016. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ọdún 7 àti oṣù 8 ni a fi ṣe sùúrù láàrin ìdájọ́ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

Ẹ fiyè sí i: abala 38 òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ni ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin tí ó bo orí ọmọ wa ni ó bo ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tí ó jókòó tì í. Bí a bá fa òfin yẹn ya lára ọmọ ẹlòmíràn, kí ni yóò bo tiwa?

Nítorí náà, kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe wọn, ní ilé-ìwé àti ní ilé-kéwú. Kí òbí mọ ẹni tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ fi ẹ̀kọ́ pamọ́ fún òbí, tí ó ka ìbéèrè sí ẹ̀ṣẹ̀, tí ó sì ń pe Mùsùlùmí mìíràn ní kèfèrí, kí a ṣọ́ra fún un. Bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ tí ó bà wá lẹ́rù, kí a má lé e. Ẹni tí a lé yóò wá ìdáhùn lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà nítòsí yín ní Ìjánikin: ẹ wọlé, ẹ di olùkọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá sí ojú ọ̀nà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Āmīn.