Eyín Ọmọ Tí Ń Dàgbà, àti Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mú Un Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà



Àṣà kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì rántí. Bí eyín ọmọdé bá yọ, wọn a ní kí ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kí ó sì jù ú sórí òrùlé, kí alángbá má baà rí i; nítorí bí alángbá bá rí i, òmíràn kò ní hù dípò rẹ̀ mọ́. Alángbá kò ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àṣà yìí tí ó bọ́gbọ́n mu: àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò ka eyín ọmọdé sí ohun yẹpẹrẹ. Lónìí, òbí púpọ̀ ni ó kà á sí bẹ́ẹ̀. Wọn a ní, "Yíyọ ni yóò yọ náà," wọn a sì fi í sílẹ̀ fún kòkòrò. Níbẹ̀ ni wàhálà eyín tí kò tò dáadáa ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20: 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe jíjẹun nìkan. Wọ́n tún ń gba àyè sílẹ̀ fún eyín àgbà tí ó wà nínú egungun lábẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́jà ti í gbé igbá sílẹ̀ ní ìdájí láti fi gba ibi ìpàtẹ kí ó tó lọ gbé ẹrù. Bí ẹnì kan bá gbé igbá náà kúrò, ẹlòmíràn yóò pàtẹ síbẹ̀. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ẹnu. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan a máa hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Eyín kankan kì í yọ kí àwọn mẹ́rin yìí tó hù, nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ pé eyín àgbà ni wọ́n. Wọ́n rò pé eyín ọmọdé ni, pé òmíràn ń bọ̀. Kò sí òmíràn tí ń bọ̀. Bí a bá sì ti fa eyín ọmọdé tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣáájú àsìkò, eyín ńlá yìí yóò fì síwájú, yóò sì jókòó sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá di ọmọ ọdún 10 tàbí 11, tí ẹni tí ó ni àyè bá dé, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, tàbí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, tàbí kí ó há sínú egungun kí ó má yọ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìkẹjà àti Agége gidigidi. Agbègbè iṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, ṣáájú òmìnira ọdún 1960, ni àwọn ènìyàn ti ń ti ìlú gbogbo wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé ní Agége, Ọ̀gbà àti Ìfàkọ̀. Baba jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru. Owó ni a fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó fi jẹun lọ́nà ilé ìwé, bisikíìtì àti súìtì àti ẹlẹ́rìndòdò ni ó sì sábà máa ń rà. Ká sọ pé ó di ọmọ ọdún méje, eyín ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóru. Kò sí àyè láti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá wá, a kò ní san owó ọjọ́ náà fún un. Wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì. Nígbà tí ìrora kò lọ, wọ́n wá ẹni tí yóò fa eyín náà ní owó pọ́ọ́kú. Ìrora tán lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni eyín kan yọ sókè bí ìwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọmọbìnrin náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun náà sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu nígbàkúùgbà tí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni nínú ilé tí ó rántí eyín tí a fà nígbà yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni wọ́n mú un lọ, ó ṣeé ṣe kí ó dí ihò eyín náà. Bí ó bá sì di dandan kí ó fà á, yóò fi wáyà kékeré kan di àyè rẹ̀ mú títí ẹni tí ó ni ín yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eyín tí ó yàtọ̀ ni a ń tọ́jú. Èjí ni àpẹẹrẹ. Yorùbá ka èjí sí ẹwà. Àwọn kan tí a kò bí i mọ́ tilẹ̀ ń sanwó kí a lè là á fún wọn, èyí tí ó ń ba ara eyín jẹ́. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dédé dí èjí ọmọ nítorí pé ìwé òyìnbó pè é ní àléébù. Bẹ́ẹ̀ náà ni, láàárín ọmọ ọdún méje sí mọ́kànlá, eyín iwájú òkè ọmọ púpọ̀ a máa yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí eyín ṣóńṣó méjì òkè bá yọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12, wọn a ti àwọn yòókù padà, àlàfo náà a sì dí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó fi rọ́bà so eyín méjì iwájú pọ̀. Rọ́bà náà a máa yọ́ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín lọ láìjẹ́ pé a rí i, a sì máa gun gbòǹgbò lọ díẹ̀díẹ̀, títí eyín tí kò ní àrùn kankan yóò fi máa mì, tí yóò sì bọ́.

Ohun tí dókítà ń wò ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé. Ní 1899, Edward Angle, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, fi eyín ńlá ọmọ ọdún mẹ́fà tí a ti mẹ́nu bà yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ó pín ìpàdé eyín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá ara mu, èyí tí ti ìsàlẹ̀ fà sẹ́yìn, àti èyí tí ó yọ síwájú. Ìlànà náà ni a ṣì ń lò káàkiri ayé. Nígbà tí M. C. Isiekwe fi ìlànà yìí wo àwọn ọmọ Èkó, tí ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1983, ó rí i pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni eyín ńlá wọn pàdé bí ó ti yẹ. Bí eyín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ́, ọ̀ràn àyè ni ó sábà máa ń jẹ́.

Òbí lè yẹ ẹnu ọmọ wò fúnra rẹ̀ ní ojúmọmọ. Kí ọmọ gbé itọ́ mì, kí ó pa eyín ẹ̀yìn dé pọ̀, kí òbí sì fi ìka ṣí ètè rẹ̀. Eyín iwájú òkè yẹ kí ó bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá bọ́ síwájú ti òkè. Bí àlàfo bá wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n ń yọ jáde. Bí eyín ìsàlẹ̀ bá ń gún àjà ẹnu. Bí àgbọ̀n bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá ń pa ẹnu dé. Tàbí bí eyín òkè bá jẹ́ gan-n-gan tí ètè kò lè bò ó, kí a má ṣe dúró. Eyín gan-n-gan kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ nìkan. Bí ọmọ bá ṣubú ní pápá ìṣeré, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, eyín àgbà tí ó bá sì kán kò ní hù mọ́.

Ọmọ ọdún méje ni àwọn dókítà tí ń to eyín ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé a ó fi wáyà sí ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà dókítà yóò wò ó, yóò sì ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, àwọn òbí mìíràn a sì bínú pé a fi ọjọ́ iṣẹ́ àwọn ṣòfò. Ọjọ́ náà kò ṣòfò. Ìdàgbà egungun ni dókítà ń retí. Ọmọ tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ fà sẹ́yìn, ìgbà tí ó bá ń ga kíákíá, láàárín ọmọ ọdún 10 sí 14, ni ohun èlò tí ń fa àgbọ̀n síwájú ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́yìn tí egungun bá ti gbó, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni yóò tún un ṣe. Eyín iwájú kan ṣoṣo tí ó pàdé lódìkejì, a lè fi àwo kékeré tí ó ṣeé yọ tì í bọ́ sípò láàárín oṣù mélòó kan, nígbà tí ọmọ bá ṣì wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Mímu ìka ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ tí ń mu ìka kò ṣẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀ kí eyín àgbà iwájú tó hù, ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò yóò máa ti eyín òkè síta. Àwọn ìyá a máa fi omi ewúro pa ìka ọmọ. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ ìdí rẹ̀, kí ó má dàbí ìyà lójú rẹ̀. Ọmọ tí a ń nà nítorí ìka a máa lọ mu ún lábẹ́ aṣọ ìbora. Ní ti ọmọ tí ń fi ẹnu mí tọ̀sán-tòru, tí ó sì ń hanrun bí àgbàlagbà, dókítà imú àti ọ̀fun ni kí ó kọ́kọ́ rí.

Ẹni tí kò bá mọ bí wáyà ti ń ṣiṣẹ́ yóò rò pé ipá ni a fi ń fa eyín. Eyín kò wà nínú egungun bí ìṣó tí a kàn mọ́ pákó. Iṣan tín-tìn-tín ni ó so ó rọ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí a bá fi agbára díẹ̀ tì í láìdáwọ́ dúró, egungun tí ó wà níwájú rẹ̀ a máa yọ́, òmíràn a sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀, eyín a sì máa rìn. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà kan lóṣù. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú fi sábà máa ń gba ọdún kan àti ààbọ̀ sí ọdún méjì. Agbára àṣejù kì í mú un yá. Ó lè jẹ gbòǹgbò eyín. Nítorí náà, wáyà oge tí àwọn kan ń tà lójú pópó àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ń lẹ̀ mọ́ eyín, ewu gidi ni.

Ilé ìwòsàn kékeré tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1955 ni ó di Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001, ìtọ́jú eyín sì wà níbẹ̀. Ní Ìdí-Àràbà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ti Yunifásítì Èkó ti wà láti 1966. Owó ìtọ́jú wáyà pọ̀ fún ẹni tí ń gba owó oṣù ilé iṣẹ́. Kò sí ìdí láti fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n dídí ihò eyín ọmọdé àti dídi àyè mú kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí yóò bá bẹ̀rẹ̀ wáyà, kí ó kọ́kọ́ bèèrè iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ títí dé òpin, bóyá a lè san án díẹ̀díẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá gbé baba lọ sí ìlú mìíràn. Ó sàn kí a má bẹ̀rẹ̀ ju kí a fi wáyà sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ láìsí àmójútó, nítorí oúnjẹ a máa há sí i, eyín a sì jẹrà yí i ká. Ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́; orín nìkan kò lè dé abẹ́ wáyà. Kí ó sì jìnnà sí egungun, ìrèké àti àgbàdo sísun.

Lẹ́yìn tí a bá yọ wáyà, iṣẹ́ kò tíì parí. Eyín a máa fẹ́ padà sí ibi tí ó ti wá, nítorí náà ni dókítà fi ń ṣe àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò dá a dúró, tí ọmọ yóò máa fi sùn fún ọdún púpọ̀. Àwo yìí rọrùn láti sọnù. Ọmọ a yọ ọ́ kí ó tó jẹun nílé ìwé, a fi pépà wé e, ẹni tí ń gbálẹ̀ a sì gbá a dà nù. Kí ó ní àpótí tirẹ̀. Omi tútù ni kí a máa fi fọ̀ ọ́, nítorí omi gbígbóná a máa sọ ọ́ di wíwọ́.