Ọmọ tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Pẹ́

Ọmọ tí ọ́tísíìmù mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ nípa rẹ̀. Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni a bí Stephen Wiltshire ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Àwòrán yíyà ni ó gbà á lọ́kàn. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kó ohun ìyàwòrán rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè. "Pépà" ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 2005, ó fi hẹlikọ́pítà wo ìlú Tókíò láti òkè, ó sì fi ìrántí nìkan ya ìlú náà.

Ìka kò dọ́gba: kì í ṣe gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò di ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ wá ohun tí tiyín fẹ́ràn. Bí ó bá jẹ́ ìlù ni, ẹ mú ọ̀pá ìlù náà lọ́wọ́, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ó béèrè. Bí ó bá ti gbìyànjú, ẹ fún un.

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má ṣe fi í pamọ́ sí yàrá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò.