Ibà, àtọ̀gbẹ, kòkòrò: Kí ni orúkọ àìsàn ń sọ fún yín?



Bí ara bá ń gbóná, tí orí ń fọ́, tí òtútù sì ń mú èèyàn, ohun tí Yorùbá máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ibà ló ń ṣe mí." Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ̀fọn ni ọkàn gbogbo èèyàn máa lọ sí.

Johannesburg kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni ìlú yìí wà, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í sì í sábà tan màláríà. Apá kan Limpopo, Mpumalanga àti KwaZulu-Natal ni àìsàn náà ti ń ràn ní South Africa. Bí ẹ bá kàn sọ fún dókítà pé ara yín ń gbóná, ó lè rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ dé, kí wọ́n lè tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Màláríà lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ṣé Yorùbá nìkan ni orúkọ ń ṣì lọ́nà?

Rárá o. Èdè Ítálì ni "màláríà" ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "afẹ́fẹ́ burúkú". Láyé àtijọ́, wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ inú àbàtà ló ń fà á. Ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ọmọ Faransé, rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní Algeria. Ní 1897, Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Òótọ́ hàn, àmọ́ orúkọ kò yí padà.

Àtọ̀gbẹ ńkọ́?

Ẹni tó ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi gbẹ ni orúkọ yìí ń sọ. "Diabetes" tí àwọn Gíríìkì sọ ọ́ túmọ̀ sí ohun tó ń ṣàn kọjá. Ìtọ̀ náà ni àwọn méjèèjì wò. "Mellitus" tí wọ́n fi kún un jẹ́ Látìn, ó ń sọ nípa adùn oyin. Kò yàtọ̀ sí "ìtọ̀ ṣúgà" tí àwọn kan ń pè é nílé.

Àmọ́ ẹ má dúró de ìtọ̀ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i láì rí àmì kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn.

Kòkòrò kan kọ́ ni gbogbo wọn

Aáyán, kòkòrò ni. Bakitéríà, kòkòrò ni. Fáírọ́ọ̀sì náà, kòkòrò ni. Ìdí rèé tí ẹlòmíì fi ń lo amoxicillin fún ọ̀fìnkìn. Bakitéríà ni oògùn yẹn ń bá jà, fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa ọ̀fìnkìn. Bí a bá ń ṣì í lò, bakitéríà á mọ oògùn náà lójú, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Àwọn Zulu tí ẹ jọ ń gbé ìlú yìí náà ń pe méjèèjì ní "amagciwane". Lọ́dún 2018, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní fásitì Wits kéde dáínásọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Ledumahadi mafube, ìyẹn "àrá ńlá ní ìdájí" ní èdè Sesotho, Sibusiso Biyela fẹ́ kọ ìròyìn rẹ̀ ní isiZulu. Kò rí ọ̀rọ̀ fún dáínásọ̀. Ó pè é ní "isilwane sasemandulo", ẹranko ayé àtijọ́.

Ní 2021, iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Decolonise Science gbèrò láti túmọ̀ ìwé ìwádìí 180 sí èdè mẹ́fà. Yorùbá wà níbẹ̀, pẹ̀lú isiZulu, Hausa, Sotho Àríwá, Luganda àti Amharic.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtumọ̀ yìí ti le jù fún Yorùbá, ẹ rán an létí pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni àwọn Gíríìkì àti Látìn lò. "Ọ̀pá kékeré" ni bakitéríà. "Májèlé" ni fáírọ́ọ̀sì.

Kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ yín, bí dókítà bá pe orúkọ tí kò yé yín, ẹ bi í: Kí ló fà á? Báwo ló ṣe ń ràn? Kí ni oògùn yìí máa ṣe? Ẹ má kúrò níwájú rẹ̀ títí tó fi máa yé yín.