Ibi tí a ó Gbé Aboyún Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Oyún tí Ewu Rọ̀ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ní Ìlọrin)

Ní àwọn ìpàdé wa a máa ń sọ̀rọ̀ lórí èdè wa, lórí aṣọ wa, àti lórí ìtàn àwọn baba ńlá wa. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wa gbà wọ ayé. Bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ta ni yóò fi èdè tí a ń gbé lárugẹ rẹ ọmọ lẹ́kún?

Àdúrà tí a ń gbà fún aboyún ní ilẹ̀ wa ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn méjì ni àwọn àgbà wa bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 512 ni ó kú nípa oyún tàbí ìbímọ. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú ọmọ 100, 39 péré ni a bí sí ilé ìtọ́jú tí ó ní òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn dókítà nìkan. Ti ìdílé ni, ti ẹgbẹ́ bí irú tiwa sì ni pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ilé-ìwòsàn tí ó yẹ aboyún tí ewu rọ̀ mọ́ ni èyí tí ó lè gbà á là ní òru tí ọ̀ràn bá le jù; kì í ṣe èyí tí ó sún mọ́ ilé jù, kì í sì í ṣe èyí tí ìyá ọkọ bímọ sí ní ayé àtijọ́. A sì gbọ́dọ̀ yàn án kí òru náà tó dé. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ta ni aboyún tí ewu rọ̀ mọ́? Òun ni ẹni tí a ti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nínú oyún, tàbí tí ibi ọmọ dí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ọmọ ti kú mọ́ nínú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ nígbà ìbímọ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Òun ni ọmọdébìnrin tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, àti ìyá tí ó ti bí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà sì ni ìyá ìbejì. Ẹ̀bùn ni ìbejì jẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwa Yorùbá ni a sì mọ̀ jákèjádò ayé fún un. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander láti Ìbàdàn ṣe ní Ìgbó-Ọrà lẹ́yìn 1960 fi hàn pé nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbé méjì sínú ń ru ẹrù méjì: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í jìnnà sí i, àwọn ọmọ sì lè dé kí ọjọ́ wọn tó pé. Kí a jó fún ìbejì, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ yan ibi tí a ó bí wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí kan láti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìbímọ 22,774 tí ó wáyé ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà láàárín 1976 àti 1979, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1985. Ìyá 238 ni ó kú. Àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀, tí a mọ àìsàn wọn, tí a sì ń tọ́jú wọn bọ̀, díẹ̀ ni wọ́n nínú òkú wọ̀nyí. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, tí a gbé dìgbàdìgbà wá nígbà tí ọ̀ràn ti bọ́ sórí, àwọn ni ikú pa jù. Ilé-ìwòsàn kan náà ni, dókítà kan náà ni. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì kan, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé pé ìfàsẹ́yìn mẹ́ta ni ó ń pa aboyún: ìfàsẹ́yìn nínú ilé, níbi tí a ti ń jiyàn bóyá kí a lọ, ìfàsẹ́yìn lójú ọ̀nà, àti ìfàsẹ́yìn ní ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀, nígbà tí a dé tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí iná, tí kò sí dókítà. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí a ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdílé ti máa ń gbàgbé láti bèèrè.

Nígbà tí oyún kò tíì ju oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ọkọ àti aya, pẹ̀lú àgbà kan nínú ilé, lọ sí ilé-ìwòsàn tí wọ́n ní lọ́kàn, kí wọ́n sì bèèrè àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìtijú.

Èkíní: bí ó bá di agogo méjì òru, ṣé ẹ lè ṣe iṣẹ́ abẹ? Ta ni yóò ṣe é, ta ni yóò sì fún un ní oògùn oorun? Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí a kọ sára pátákó kò tó; ẹni tí ó wà nílé-ìwòsàn lóru ni kí a bèèrè.

Èkejì: ṣé ẹ̀jẹ̀ wà ní ìpamọ́ níhìn-ín, àbí a ó sáré lọ wá a níbòmíràn? Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le láàárín wákàtí díẹ̀. Báwo ni ẹ sì ṣe ń mọ iye tí ó dà? Ní 2023, ìwádìí kan tí a ṣe ní ilé-ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfríkà fi hàn pé bí a bá fi aṣọ rọ́bà tí a sàmì sí gba ẹ̀jẹ̀ náà kí a lè wọ̀n ọ́n, tí a sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú tí ó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjàǹbá ńlá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n wọ̀n.

Ẹ̀kẹta: ṣé magnesium sulphate wà lọ́wọ́ yín? Òun ni oògùn gìrì aboyún, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà. Ìwádìí tí a ṣe lára nǹkan bí 10,000 aboyún ní ilẹ̀ 33, tí a tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì náà kù sí ìlàjì. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Ilé tí kò bá ní i kò tíì múra sílẹ̀ fún aboyún ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Ẹ̀kẹrin: bí ọmọ bá dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ṣé ibi tí a ó gbé e sí wà, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti ìmóoru wà? Bí iná mànàmáná bá lọ, kí ni yóò dípò rẹ̀?

Ẹ̀karùn-ún: bí ọ̀ràn bá ju agbára yín lọ, ibo ni ẹ ń rán wa lọ, ọkọ̀ ta ni yóò gbé wa, ṣé ẹ ó sì fi tẹlifóònù sọ fún wọn kí a tó dé? Olùtọ́jú rere kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó bá bínú sí i ti dáhùn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, tí àwọn àgbà inú wa mọ̀ sí Àmílẹ́gbẹ́ nígbà tí ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà níbẹ̀, ti wà ní Òkè-Òṣé lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ báyìí. Ẹni tí ń gbé Adéwọlé tàbí Ògídí gbọ́dọ̀ la ìlú já, kí ó sì kọjá afárá odò Àsà, kí ó tó dé ibẹ̀. Ìrìn ọ̀sán yàtọ̀ sí ìrìn òru, ẹ̀ẹ̀rùn sì yàtọ̀ sí òjò. Nítorí náà kí ọkọ rin ọ̀nà náà wò kí ọjọ́ tó pé. Kí ó ní nọ́ńbà awakọ̀ méjì tí ó ń gbé nítòsí. Kí ó sì ní owó kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àyè bá wà láti dara pọ̀ mọ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, kí ó ti wọ̀ ọ́ kí oyún tó wúwo.

Ilé-ìwòsàn kan kò sì tó. Ní 2021, àwọn dókítà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògọ́sì títí wọ inú oṣù Òkítóbà. Ọmọ inú kì í dúró de òpin ìyanṣẹ́lódì. Kí ìdílé yan èkejì, ìbáà ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀, ti ìjọ, tàbí ti aládàáni, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún kan náà. Káàdì aboyún, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó máa bá a lọ síbi gbogbo.

Ó ku ìfàsẹ́yìn inú ilé, èyí tí ó le jù. Àwọn kan ń pe iṣẹ́ abẹ ní ìtìjú, bí ẹni pé obìnrin tí a là kò bímọ. A ń bèèrè: jagunjagun tí ó gba ọgbẹ́ tí ó sì padà wálé, ṣé a ń fi ọgbẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́? Àwọn mìíràn ń sọ pé àdúrà tó. Àwa tí a ń dúró lórí pẹpẹ kò ní sọ̀rọ̀ àdúrà láìdára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàdúrà fún ìkórè kì í ju ọkọ́ rẹ̀ nù. Alúfàá ìjọ àti àáfà tí ó bá sọ fún aboyún pé, “Máa lọ sí ilé-ìwòsàn, àdúrà wa ń bá ọ lọ,” ti ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ní kíkún. Fún àwọn ìyá wa ẹlẹ́hàá àti gbogbo ẹni tí ó fẹ́ kí obìnrin tọ́jú òun, kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, kí a lè wá dókítà obìnrin; ṣùgbọ́n kí tọkọtaya ti fẹnu kò pé ní wákàtí ewu, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni yóò ṣe é. Kí ọkọ tí ń rìnrìn-àjò sì yan ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ní ipò rẹ̀. Kí obìnrin má ṣe kú níbi tí a ti ń wá ọkọ rẹ̀ kiri.

Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ńkọ́? A kò wí pé kí a lé wọn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Ní 2009 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀. Ní 2010 wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Ní 2014 wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè kún un, nípa èyí tí agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ń gba ẹ̀bùn fún aboyún tí ó bá mú wá sí ilé-ìwòsàn. Wọn kò sọ ọ́ di ọ̀tá. Wọ́n sọ ọ́ di amọ̀nà. Ìyá àgbà tí aboyún fọkàn tán, tí ó tẹ̀ lé e lọ, tí ó sì dì í lọ́wọ́ mú, ẹni ńlá ni nínú àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Nítorí ẹnì kan kì í gbẹ̀bí oyún elewu. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó sún mọ́ ilé yóò máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà onímọ̀ ìbímọ yóò pinnu ọjọ́ àti ọ̀nà ìbímọ. Dókítà ọmọdé yóò ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí méjì tàbí mẹ́ta tí a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò yóò wà ní ìmúrasílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2016 pé kí aboyún rí olùtọ́jú ó kéré tán ní ìgbà 8. Ti ẹni tí ewu rọ̀ mọ́ yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ilé sì gbọ́dọ̀ mọ àmì tí kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́: orí fífọ́ líle, ojú ṣíṣú, ẹ̀jẹ̀ dídà, gìrì, ibà líle, omi tí ó tú ṣáájú ọjọ́, àti ọmọ inú tí kò yí mọ́.

Kí a tó jókòó, ẹ jẹ́ kí a gbé ohun mẹ́ta ka iwájú ẹgbẹ́. Kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn, sínú ìwé kan. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó ní ọkọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí ó sì gbà kí a jí wọn lóru. Kí a dá èsúsú kékeré kan sílẹ̀ fún aboyún nìkan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ju agbára wa lọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti gbọ́ ogun yìí tẹ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Kí ó sì bá àwa náà níbi tí a ti ń ṣe ipa tiwa.