Bí Agbára Ṣe Ń Lọ: Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́, ẹ sì mọ ohun tí òdì ọ̀rọ̀ jẹ́. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Bí nǹkan bá ń lágbára sí i, Gẹ̀ẹ́sì á ní ó ń “strengthen”. Bí agbára náà bá wá ń lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé “weaken”, wọ́n á sì túmọ̀ rẹ̀ sí “di aláìlágbára”. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá ìtumọ̀ yìí jà.

“Weaken” kọ́ ni baba àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ bí agbára ṣe ń lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Skandinéfíà tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni “weak” ti wá. “Wane” ni ọmọ onílé, wanian ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ìdínkù ni ìtumọ̀ rẹ̀. Títí dòní, òṣùpá ló ni ín. “Ebb” ti omi òkun ni. “Abate” wá láti èdè Faransé, lílù bolẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bi ẹni tó fẹ́ lò ó pé: kí ni agbára ń kúrò lára rẹ̀, ọ̀nà wo ló sì ń gbà lọ? Ohun tí Yorùbá náà ń bèèrè nìyẹn. Okùn a máa dẹ̀, ìjì a máa rọlẹ̀, aṣọ a máa ṣá, ènìyàn a máa rù. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjì “di aláìlágbára”, ó sì máa ń dùn mí.

Koríko àti ìtànná

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé wòlíì Àìsáyà, orí 40. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 lo “wither” fún koríko, ó lo “fade” fún ìtànná. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣáájú nínú rẹ̀, “rọ” ni koríko gbà, “rẹ̀” ni ìtànná gbà.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bíi tèmi, ti takò àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni “fade”, pé “ṣá” ló yẹ kí wọ́n kọ. N kò gbà nígbà náà, n kò sì tíì gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, “fade” tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé ti ara ohun tó tẹ́ lẹ́nu bẹ̀rẹ̀, tí kò ládùn mọ́; àwọ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe kókó jù ni Hébérù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nābēl ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà wà ní orí 34 ìwé Àìsáyà, níbi tí ewé ti ń já bọ́ lára àjàrà, Gẹ̀ẹ́sì 1611 sì kọ ọ́ níbẹ̀ pé “falleth off”. Kí ni Yorùbá ń sọ nípa ewé tó bá ń já bọ́ lára igi nígbà ọyẹ́? Ó ń rẹ̀ ni. Ta ló wá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀?

Ibi tí mo ti gbà fún ọ̀rẹ́ mi ni ti koríko. Gbígbẹ ni Hébérù sọ níbẹ̀, ìbá sì tọ́ ká kọ “gbẹ”. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti roko rí mọ̀ pé koríko tí a ṣán láàárọ̀ kì í gbẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Yóò kọ́kọ́ rọ. Ó ṣì tutù, àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú un nàró ti kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí náà la fi ń sọ ti ẹni tó rọ lápá, tó rọ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i, báwo la ṣe fẹ́ mọ “rọ” yàtọ̀ sí “rọ̀”? Láti 1965 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti tẹ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ẹ lọ kà á.

Ìkòkò aró

“Ṣá” ní ipò tirẹ̀, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá bàbá mi ń pa aṣọ láró. Obìnrin kan gbé àdìrẹ kan padà wá bá a, ó ní aṣọ náà ti gbó. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì fà á ṣinṣin, kò ya. Ó ní, “Ọmọ mi, kò gbó o, ó ṣá ni,” ó sì tún rì í sínú ìkòkò aró. Nígbà tó gbẹ, obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́. Ohun tó ṣá ṣe é dá padà, agbára aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Ìtànná tó ti rẹ̀, ìkòkò wo la fẹ́ rì í sí? Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè bẹ́ẹ̀, kò tíì dá mi lóhùn.

Àwọn yòókù

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára. “Decline” ti Látìn ni, títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Edward Gibbon, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ ọba Róòmù jáde ní 1776, ya “decline” sọ́tọ̀ kúrò lára “fall” nínú orúkọ ìwé náà. Àjórẹ̀yìn àti ìṣubú ni tiwa. Ẹni tó ń jó àjórẹ̀yìn, ijó ló ṣì ń jó.

“Atrophy” ti Gíríìkì ni, àìríjẹ ara. Ẹ sọ fún àwọn dókítà pé ẹsẹ̀ aláìsàn ń gbẹ ni.

Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì a ní náírà “weakens”. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa kì í tilẹ̀ dárúkọ náírà: wọ́n á ní dọ́là ti gbówó lórí.

Ó ku “languish”. Ohun tí mo kọ lórí rẹ̀ wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà.