Ọmọ Ni Obìnrin Náà

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí àwọn obìnrin wa bá ọ̀rọ̀ dé. N kò ní pẹ́, ìlù ń retí wa.

Ẹ̀yin náà mọ ìyá tó ń ta iṣu sísè létí ojú irin, èyí tó ń yan gàrí, èyí tó ń ṣe òrí. Owó wọn ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sílé ìwé. Ìyá tèmi àti bàbá mi ló jọ gbin oko kájú. Ọdún tí bàbá kú ni àwọn ẹbí gba oko náà. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sídìí agbada gàrí.

Lóde òní, òfin ti yàtọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Òfin ìdílé ọdún 2004 fún ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún bíi ti ọmọ ọkùnrin, ó sì fi ọdún 18 ṣe ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Obìnrin, Élisabeth Pognon, ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀, ní 1993. Ní 2021 ni Mariam Chabi Talata, ọmọ Borgou tiwa níbí, di igbákejì Ààrẹ. Nínú àga 109 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ọdún 2023, 24 jẹ́ ti obìnrin nìkan.

Ṣùgbọ́n òfin Kútọnu kì í fúnra rẹ̀ wọlé wa. Ìgbéyàwó tí a kò ṣe ní mẹ́rì, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mú ìyàwó yín lọ síbẹ̀. Ẹ ṣe ìwé ìbí fún ọmọbìnrin yín, ẹ jẹ́ kó parí ilé ìwé. Bí ẹ bá ń ṣe ìwé ilẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá yín ro ó sí i.

Ilé là á tí ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àṣà wa kò ní bàjẹ́ nítorí pé ìyá wa ní oko. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ ọdún láyé.